Ta Ni Ìsinmi Tọ́ Sí?

Ní ọdún tó kọjá, pásítọ̀ ìjọ wa tọrọ ìsinmi oṣù 3. Ó ti lo ọdún 14 lẹ́nu iṣẹ́. Ká má parọ́, àwa ọ̀dọ́ wà lára àwọn tó kùn jù. A ní, "Kí ló rẹ̀ ẹ́ gan-an? Ṣebí ọjọ́ Sunday nìkan ló ń ṣiṣẹ́!" Bàbá àgbà kan ló pa wá lẹ́nu mọ́. Ó ní ká lọ ka ìtàn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn ká tó sọ̀rọ̀. A lọ kà á. Ojú tì wá díẹ̀.

David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853, ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìwàásù nìkan. Anna ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, ó ń tọ́ àwọn kan nínú wọn nínú ilé rẹ̀, ó sì ń tọ́jú aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibà kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ní 1856, àìsàn lé tọkọtaya náà padà sí England. Wọ́n sinmi, ara wọn yá, wọ́n sì padà dé ní 1858. Ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn ìsinmi yẹn ni wọ́n tún fi ọdún mọ́kànlá gbáko ṣiṣẹ́ sí i.

Ọdún mọ́kànlá ọ̀hún kò rọrùn rárá. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun dí. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ wàhálà ọ̀nà kò tán títí di 1865. Owó kò wọlé, ẹrù kò wọlé. Àwọn Hinderer ń ta nǹkan inú ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ fi ra oúnjẹ. Àwọn ará ìlú náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1869, ara kò gbà á mọ́, wọ́n lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Anna kú, ọmọ ọdún 43.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù ni Daniel Olúbí. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọ Ìbàdàn wà. Bí àìsàn bá le, Hinderer ní ilé tó lè padà sí lókè òkun. Olúbí ńkọ́? Ilé ló kúkú wà. Ẹni tó wà nílé, ta ló máa ń rántí pé ó yẹ kó sinmi?

Samuel Johnson náà ńkọ́? Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1846, ó sì wà lára àwọn ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe katikíìsì, ó wá di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n rán lọ bá àwọn ọmọ ogun Kírìjì sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Láàárín gbogbo èyí ló ń kọ ìtàn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí England, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ bó ṣe ń rí lára: iṣẹ́ ọdún gbọọrọ lọ, kò sí backup. Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé náà. Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù. Ní 1916, àwọn Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà jáde ní 1921. Obadiah ti kú ní 1920.

Èyí ló yí wa lérò padà. Gbogbo wa la ń jẹ nínú iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí. Kò sí ẹni tó ń kọ ìtàn Yorùbá tí kì í dárúkọ Johnson. Yorùbá sì mọ ọpẹ́ ṣe: a máa ń kí èèyàn kú iṣẹ́, a máa ń kí i kú ìnáwó, bí ilẹ̀ bá mọ́ a tún ń dúpẹ́ oore àná. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a ń fi ẹnu ṣe fún pásítọ̀ ní gbogbo ìparí ọdún, tí a kò wá fún un láyè kó mí, ọpẹ́ wo nìyẹn?

Nínú Léfítíkù 25, ilẹ̀ pàápàá ń sinmi ní ọdún keje. Àwọn àgbẹ̀ wa náà mọ̀ ọ́n: bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó padà. Kò sí ẹni tó máa bú ilẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ìsinmi Léfítíkù kò dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣá. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Ìsinmi àwọn Hinderer kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ló máa ń fún wọn.

Ìjọ wa fọwọ́ sí oṣù 3 náà. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwa tí a kùn lọ kí pásítọ̀ nílé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo. A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ kú ìsinmi, sà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́."