Odi Ojú Sánmà: Bàlúùnù Ogun àti Àwọn Adúláwọ̀ tí Wọ́n Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bàlúùnù ńláńlá tí wọ́n fi dáàbò bo ìlú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ogun. Èsì mi ni pé odi ni bàlúùnù yìí, ọ̀rọ̀ odi kò sì ṣàjèjì sí ará Ìbàdàn. Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí ìlú yìí ká ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Lónìí, Bódìjà, Agbowó àti Challenge ti gbilẹ̀ kọjá ojú odi náà, síbẹ̀ a kò gbàgbé orúkọ ẹni tí ó mọ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí odi ojú sánmà ti rí. Ọdún 1938 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka ológun tí ń bójú tó o sílẹ̀. Bàlúùnù kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 62 ẹsẹ̀ bàtà. Gáàsì haidirójìn, tí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Okùn irin ni wọ́n sì fi so ó mọ́ ẹ̀rọ orí ọkọ̀ akẹ́rù, tí yóò máa tú okùn náà títí bàlúùnù yóò fi ga tó nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà. Okùn yìí gan-an ni odi. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó bá kọlù ú, apá rẹ̀ lè gé. Nítorí náà, awakọ̀ ọ̀tá ní láti fò ga. Bí ó bá sì fò ga, bọ́ǹbù rẹ̀ kò ní bá ibi tí ó fojú sùn mọ́, àwọn ìbọn ńlá yóò sì rí i yìn. Iṣẹ́ odi kì í ṣe kí ó lé ọ̀tá pa. Ọ̀nà ni ó ń yàn fún un.

Ní ọdún 1940, bàlúùnù bí 1,400 ni ó wà lójú sánmà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ènìyàn wa wà lábẹ́ wọn. Ládìpọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti ẹgbẹ́ WASU wà ní ilé wọn ní Camden Town. E. I. Ekpenyon, ọmọ Nàìjíríà, ń ṣọ́ àdúgbò ní Marylebone nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀. Òun ni ó bá àwọn kan wí nígbà tí wọ́n fẹ́ lé àwọn tí wọ́n pè ní àjèjì kúrò níbi ìsádi.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Roosevelt kéde pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Clement Attlee sọ fún ẹgbẹ́ WASU nínú oṣù náà pé ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ìran. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, Churchill ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà lábẹ́ Jámánì ni àwọn ní lọ́kàn. Ẹ kíyè sí i: okùn irin kò béèrè àwọ̀ ẹni tí ó ń dáàbò bò, ìwé àdéhùn ni ó béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ tí à ń pè ní 320th gbé bàlúùnù gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà fò wálẹ̀ yìnbọn sí àwọn ọmọ ogun. Waverly Woodson, olùtọ́jú aláìsàn wọn, fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ó tọ́jú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn fún nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí. Ọdún 2024 ni wọ́n tó fi àmì ẹ̀yẹ ńlá tí ó tọ́ sí i dá a lọ́lá. Ó sì ti kú láti ọdún 2005.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ odi sójú sánmà fi ẹnu sílẹ̀ lára ògiri òdodo. Ẹnu yẹn ni Ṣólàńkẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí, tí wọn kò sì dákẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ogun yìí láìdárúkọ wọn kò tíì kọ ọ́ tán.