Ta Ni Ó Ni Orin Inú Fíìmù?

Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977, àwọn sójà kọlu ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Agege Motor Road, ilé náà sì jóná. Téèpù ohùn The Black President, fíìmù tí a ń ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀, bá iná náà lọ. Àdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n orin ara rẹ̀ ni Fẹlá ń lò. Ògúndé pẹ̀lú a máa dá orin fíìmù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Onífíìmù aláìlówó tí ó fẹ́ lo orin olórin ni ọ̀ràn kàn.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, olúwa méjì ni orin inú àwo ní: ẹni tí ó dá a, àti ẹni tí ó ni téèpù. Òfin 1970 ti ya ẹ̀tọ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ wo Sunny Adé. Òun àti African Songs ti Olóyè Abíórò pínyà ní 1974. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó dá a láre, tí ó bu ₦500 mílíọ̀nù lé ẹjọ́ náà. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọ̀kan nínú orin wọ̀nyẹn sí fíìmù ní 1985, ilẹ̀kùn ta ni ì bá kàn? Lójú tèmi, èyí le ju àìlówó lọ.

Ìjọba fọwọ́ sí ẹgbẹ́ COSON, tí ó fi Ìkẹjà ṣe ibùjókòó, ní 2010. Ó fọwọ́ sí MCSN ní 2017. Owó orin tí a ń lù ní gbangba ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà jù. Onífíìmù ṣì ní láti gba ìwé ìyọ̀ǹda méjì, kí ó tó so orin mọ́ àwòrán.