Proto-

Proto- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì, prōtos, tí ó túmọ̀ sí “àkọ́kọ́”, ni a ti mú un wá. A máa ń fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé ohun kan ni ó kọ́kọ́ wà, tàbí pé òun ni orírun ohun mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ tí a so ó mọ́ bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, a máa ń pa o tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ, bí ó ti rí nínú protagonist, èyí tí í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn.

Ìlò

Prototype ni àwòṣe àkọ́kọ́ tí a fi ń dán ohun kan wò kí a tó ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ protocol ni abala àkọ́kọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ìwé kíká. Lẹ́yìn náà ni ó di ìlànà àti àdéhùn. Ní 1920 ni Ernest Rutherford lo orúkọ náà proton fún èérún kan nínú àárín gbùngbùn átọ̀mù.

Nínú ìmọ̀ èdè

Bí proto- bá ṣáájú orúkọ èdè, ìyá èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni a ń tọ́ka sí. Àwọn onímọ̀ èdè máa ń fi àwọn èdè ọmọ wé ara wọn láti mọ bí ìyá náà ti rí. Wọ́n a sì fi àmì ìràwọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tún kọ́ báyìí, nítorí pé kò sí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ Okun

Proto-Yoruboid ni orúkọ tí a fún ìyá èdè Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ọmọ, ọma ni lẹ́nu Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà. Ẹ̀rin Yorùbá sì ni ẹ̀lẹ̀ lédè Ígálà. Ní 1978, Femi Akinkugbe parí iṣẹ́ ìwádìí kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú èyí tí ó fi ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé ti Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà.

Ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí wúlò púpọ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, Ígálà sì wà ní òdìkejì Odò Ọya. Owé ni wọ́n ń sọ ní Kàbà. Àwọn yòókù ni Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, kò tọ̀nà láti pe Owé tàbí ẹ̀ka-èdè Okun mìíràn ní Proto-Yoruba. Bí ọmọ ti wù kí ó jọ ìyá tó, òun kọ́ ni ìyá. Gbogbo ẹ̀ka-èdè tí a ń sọ lónìí ni ó ti yí padà, Ọ̀yọ́ àti Owé bákan náà. Ẹ̀rí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì kú mọ́ àwọn àgbà Kàbà lẹ́nu láìsí àkọsílẹ̀, ẹ̀rí kan nípa ìyá náà ti bọ́ sọnù.