HOT: ìtumọ̀ àti ìlò rẹ̀ ní èdè Híńdì

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-àpèjúwe.

Ìtumọ̀: (1) गरम, garam: ohun tí ó gbóná. (2) तीखा, tīkhā: ohun tí ó ta lẹ́nu.

Àlàyé: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yìí ru ẹrù méjì tí Híńdì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá náà ti yà á. Omi orí iná gbóná. Ata rodo ta. Nítorí náà, kí atúmọ̀ èdè kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èwo ni Yorùbá ìbá lò, gbóná tàbí ta, kí ó tó yan ọ̀rọ̀ Híńdì.

Garam: Láti inú èdè Páṣíà ni ó ti wá. Kì í yí padà, ì báà ṣe akọ tàbí abo ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń yán: garam pānī, omi gbígbóná, garam chāy, tíì gbígbóná. Bí a bá ṣe àpètúnpè rẹ̀, garmāgaram, ó di ohun tí ó gbóná fẹlifẹli. A tún ń lò ó fún ooru tí kò pọ̀: garam kapṛe ni aṣọ òtútù. Níbi tí Yorùbá bá ti sọ pé omi lọ́wọ́ọ́wọ́, gungunā pānī ni ó tọ́. Ẹni tí ó bá kọ garam sínú ìlànà ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́ dípò gungunā lè mú kí omi jó ọmọ náà lára.

Tīkhā: Ó tan mọ́ tīkṣṇa ti èdè Sanskrit, tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó mú. Ó ń yí padà: tīkhā achār (akọ), tīkhī mirch, ata tí ó ta (abo), tīkhe pakauṛe (akọ, ọ̀pọ̀). Ìtumọ̀ àtijọ́ náà kò tíì kú: tīkhī āvāz ni ohùn tí ó ń gún ni létí.

Ìkìlọ̀: Garam masālā kì í ṣe èròjà tí ó ta dandan. Kànáfùrù àti àwọn èròjà olóòórùn dídùn mìíràn ni a ń lọ̀ pọ̀. A kì í sábà fi ata gígún sí i. Ìgbàgbọ́ pé ó ń mú ara gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà ti wí, ni ó fún un ní orúkọ náà.

Nípa ènìyàn: Híńdì àti Yorùbá jọ fi ooru ṣe olùwà gbólóhùn. Mujhe garmī lag rahī hai ni “ooru ń mú mi”. Bí ènìyàn bá sọ pé maiṁ garam hūṁ, a lè rò pé ìbínú tàbí ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ni ó ń sọ. Badan garam hai bá “ara rẹ̀ gbóná” mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibà ni, bukhār ni kí a kọ, pàápàá nínú ìwé ìlera.

Ẹ tún wo: lọ́wọ́ọ́wọ́, mú, ooru, ta.