Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Lára Ọmọdé

Ibà mú ọmọ kan. Ó lo oògùn, ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ibà náà tún padà. Ojú rẹ̀ funfun, egungun ń ro ó, èrìgì rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn mìíràn ni ó ń fa irú nǹkan báyìí. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. A rọ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ tètè béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò gbó ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, wọ́n sì ń gba àyè mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àárẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà àti ibà fi ń dé. Àrùn náà kì í ràn.

Ǹjẹ́ ó ṣeé wò sàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1948, Dókítà Sidney Farber ti ìlú Boston ròyìn pé ara ọmọ 10 nínú 16 yá, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Dókítà Donald Pinkel ní Memphis pa ọ̀pọ̀ oògùn pọ̀, ó sì ń bá ìtọ́jú náà lọ fún ọdún mélòó kan. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ni ó rí ìwòsàn. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó lé ní 85 nínú ọmọ 100 tó ní irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ tí ń yè é.

Ẹ má ṣe dá ìtọ́jú dúró

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, a lè máà rí àrùn náà mọ́ nínú àyẹ̀wò, ọmọ á sì máa ṣeré. Ibí yìí ni ewu wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ṣì fara pamọ́, nítorí náà ìtọ́jú sábà máa ń gba ọdún 2 sí 3. Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ibà bá mú ọmọ tó wà lórí ìtọ́jú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ará àti aládùúgbò, owó ọkọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá fi tọrẹ lè jẹ́ kí ìdílé kan lè parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.