Súpì: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́ Tó Di Ẹ̀sùn

Ní gúúsù Gánà lónìí, bí wọ́n bá ní obìnrin kan ń ṣe súpì, ohun tí etí ń gbọ́ ni pé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn án yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni súpì lẹ́nu àwọn ọmọléèwé, mo sì fẹ́ kí a mọ ohun tó yí i padà.

Ní 1836, ní Cape Coast, Harriet Wrigley, ìyàwó ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, kó àwọn ọmọbìnrin jọ, ó ń kọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé Wesley Girls ti ṣẹ̀. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, ọmọbìnrin a sì máa gbé níbẹ̀ fún oṣù gbọọrọ láìfojú kan ìyá. Sínìọ̀ á yan ọmọ kékeré kan, á máa gbèjà rẹ̀, á máa fún un ní nǹkan jíjẹ. Ọmọ náà á pọnmi ìwẹ̀ fún un. Súpì ara wọn ni wọ́n. Òbí tó fi ọmọ sí bọ́dìn ní Nàìjíríà yóò rántí ohun tí àwọn tiwa ń pè ní school mother. Ṣùgbọ́n ti Gánà jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: lẹ́tà wà níbẹ̀, ẹ̀bùn wà níbẹ̀, owú náà wà níbẹ̀ bí súpì ẹni bá ń rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíràn. Ìfẹ́ àwọn kan sì kọjá ti ọ̀rẹ́.

Àwọn kan ní inú superior ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ súpì ti wá. Àwọn Fante ní Gánà sì ní súpì tiwọn látijọ́, olórí ẹgbẹ́ ológun asafo. Ọ̀nà yòówù kó gbà wá, ipò àgbà ló wà nídìí rẹ̀.

Òǹkọ̀wé Ama Ata Aidoo, ọmọ Wesley Girls, fọwọ́ kan irú ayé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Our Sister Killjoy, ní 1977. Nínú rẹ̀, Marija, obìnrin Jámánì, nawọ́ ìfẹ́ sí Sissie, ọmọ Gánà tó lọ síbẹ̀, ọkàn Sissie sì sá padà sí bọ́dìn.

Fídíò ló ba nǹkan jẹ́. Ní 1996 Socrate Safo, olùdarí fíìmù ní Gánà, gbé fíìmù Women in Love jáde. Lọ́dún kan náà ni Supi: The Real Woman to Woman jáde. Obìnrin olówó, Màámi Wọ́tà, owó àràmàǹdà: irú àwòrán tí sinimá fi súpì hàn nìyẹn. Àwọn oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì gbà á, wọ́n ń lé e jáde bí ẹ̀mí àìmọ́. Ọ̀wọ́n gógó ti mú kí ojú ará Gánà rí màbo nígbà náà, obìnrin tó lówó láìlọ́kọ sì ti di ẹni ìfura. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Serena Dankwa, tó kọ Knowing Women ní 2021, bá súpì lọ́dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ọlọ́jà. Obaa barima, obìnrin bí ọkùnrin, ni Akan fi ń yin alágbára láàrin àwọn obìnrin, wọ́n sì ń fi pe àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe súpì. Ní 28 Febúárì 2024, ilé aṣòfin Gánà fọwọ́ sí àbá òfin láti ju àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀dá bíi tiwọn sẹ́wọ̀n. Ààrẹ Akufo-Addo kò buwọ́ lù ú títí ó fi kúrò lórí oyè.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, Haúsá ń sọ madigo fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ ìgboro ń sọ lele. Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀dá bíi tiwọn, ọdún 10 sórí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní 2018, àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń fẹ́ obìnrin fẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn nínú ìwé She Called Me Woman. Wọ́n fi orúkọ wọn pamọ́.