Ìdíwọ̀n Ipa

Ìdíwọ̀n ipa ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe láti mọ èyí tó ń mi àbájáde jù lọ nínú àwọn nǹkan tí a kó fún kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin. Iye tí wọ́n máa ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan níbẹ̀ wà lọ́wọ́ dọ́là, owó ọkọ̀ òkun, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti owó tí wọ́n fi kó o kúrò ní èbúté Àpápá.

Fa gbùrù, gbùrù fa igbó ni ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Náírà la fi ń san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àmọ́ iye dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là gòkè, owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì bá a gòkè. Ẹni tó bá gbé dọ́là sókè nínú kọ̀ǹpútà, tó fi kọ́sítọ́ọ̀mù sójú kan, ayé tí kò sí ló ń dán wò.

Òṣùwọ̀n Sobol, ọmọ Rọ́ṣíà, tí ọ̀pọ̀ ń lò, gbà pé kálukú nínú àwọn nǹkan tí a kó fún kọ̀ǹpútà dá dúró. Èyí tó wù mí jù ni ti onímọ̀ ìṣirò Lloyd Shapley, tó ti wà láti 1953 fún pínpín èrè láàárín àwọn tó jọ ṣiṣẹ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìṣirò Art Owen àti Clémentine Prieur fi hàn pé ó bá àwọn nǹkan tó ń jọ rìn mu. A ó máa to àwọn nǹkan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, a ó wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kún mímì àbájáde bó ṣe ń wọlé, a ó sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Ohun tí dọ́là àti kọ́sítọ́ọ̀mù jọ fà, wọ́n á jọ pín in.